Kí O Tó Jẹ́ Kí Wọ́n Fi Agbára Kún Ẹ́ńjìnì Mọ́tò Tuntun Yẹn

Bẹ́kírì wa,
Ìfọ̀.

Múfútàù ọmọ mi, Àkànní, ọkọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́ tuntun, mo sì kí ọ kú ilé tuntun. Ọlọ́run á jẹ́ kí o pẹ́ níbẹ̀, kí ara rẹ sì le. Ara tèmi náà ò burú, àfi orúnkún yìí àti ẹ̀yìn, àti pé bí mo bá jí láàárọ̀, ó máa ń ṣe mí bí ẹni pé mi ò tíì sùn. A ti po fúláwà, wọ́n ti tò ó sínú páànù, à ń dúró kó wú. Ohun tó jẹ́ kí n ráyè jókòó nìyẹn.

O máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí mi ò pè ọ́. Mo pè ọ́ lọ́jọ́ Àìkú. Mi ò tíì sọ gbólóhùn kan parí tí o fi gbà á lẹ́nu mi: "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀, mo mọ ohun tí mò ń ṣe." Ó rẹ̀ mí, mo ní ó dáa, mo gbé fóònù sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi. Tó bá jẹ́ orí ìwé, wàá jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ dópin.

Ohun tí o sọ fún mi ni pé píkọ́ọ̀pù tuntun tí ibi iṣẹ́ rẹ yá ọ lówó láti rà, tí wáráńtì ṣì wà lórí rẹ̀, kò yá nílẹ̀ tó. O ní ọ̀rẹ́ rẹ kan ní Ìbàfò máa so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn, á fi agbára kún ẹ́ńjìnì rẹ̀, kò sì ní gbà ju kí ẹ jẹun ọ̀sán lọ. Mo bi ọ́ pé ilé-iṣẹ́ tó tà á fún ọ ńkọ́, wọn ò ní bínú? O rẹ́rìn-ín. O ní, "Màmá, kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

Àkànní, mo ti gbọ́ gbólóhùn yẹn rí nínú ilé yìí. Mo mọ ibi tó gbé wa dé.

Nígbà tí o wà nílé-ìwé ní Ìlọrin ni a ra mọ́tò tí a fi ń kó búrẹ́dì. O bá a nílẹ̀ nígbà tí o wálé ọdún Iléyá, o tilẹ̀ dúró tì í ya fọ́tò. Nígbà tí o tún máa fi padà wálé, tàpólì ló wà lórí rẹ̀, a sì sọ fún ọ pé ó ń sinmi. A ò sọ òótọ́ fún ọ. O ń ṣe ìdánwò àṣekágbá, bàbá yín sì ní ká má kó ìdààmú bá ọ. Lẹ́yìn náà ni ó wá sú gbogbo wa láti sọ.

Mọ́tò àtijọ́ tí a ní ti fojú wa rí màbo. Bí kò bá kú sójú ọ̀nà Abẹ́òkúta, á kú sí Ajùwọ́n, àwọn oníṣọ́ọ̀bù tó ń retí búrẹ́dì wa á sì ti gba ti ẹlòmíì kí a tó dé. Bàbá yín ní ó tó gẹ́ẹ́, àwọn ò ní ra tòkunbọ̀ mọ́. Múfú, láti ìgbà tí mo ti mọ bàbá yín, wọn ò tíì ra mọ́tò tí ẹlòmíì ò kọ́kọ́ lò. Ọjọ́ tí a lọ gbé tuntun yẹn ní Èkó, wọ́n wọ aṣọ tí wọ́n fi ń lọ kírun Jímọ̀. Wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ya ọ̀rá orí ìjókòó rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́.

Ọmọbìnrin tó tà á fún wa fara balẹ̀ ṣàlàyé. Ó ní, "Bàbá, Màmá, láàárín ọdún mẹ́ta, bí nǹkan kan bá bàjẹ́ nínú mọ́tò yìí, tó jẹ́ pé láti ọ̀dọ̀ àwa tá a ṣe é ni àṣìṣe ti wá, àwa la máa tún un ṣe, ẹ ò ní san nǹkan kan. Ẹ ṣáà máa gbé e wá fún sáfíìsì lásìkò, kẹ́ ẹ sì má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí nǹkan padà lára ẹ́ńjìnì." Ó fún wa ní ìwé wáráńtì. Bàbá yín dì í sínú ọ̀rá, wọ́n tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Kò sẹ́ni tó kà á nínú wa.

Àbúrò bàbá yín, Bọ̀dá Sèmíù, ló ń wà á. O mọ̀ wọ́n dáadáa. Awakọ̀ gidi ni wọ́n, wọn kì í mutí, wọn kì í sì í pẹ́ dé. Àròyé kan ṣoṣo tí wọ́n ní ni pé bí búrẹ́dì bá kún inú mọ́tò yẹn, kì í lè gun òkè dáadáa, àwọn tírélà á sì máa fun fèrè sí wọn lẹ́yìn. Mo ní, "Ọkọ mi, ẹ máa rọra lọ. Búrẹ́dì lẹ rù, ẹ ò gbé aláìsàn." Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Wọ́n wá lọ bá ọmọkùnrin kan tó yàtọ̀ sí ọ̀rẹ́ rẹ, ní Ìbàfò náà, Délé lorúkọ rẹ̀. Mi ò ní bú ọmọ náà fún ọ, torí kì í ṣe gbájú-ẹ̀. Ó kàwé, ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ṣàlàyé fún Bọ̀dá Sèmíù pé nínú mọ́tò òde òní, kọ̀ǹpútà kan wà tó ń pàṣẹ fún ẹ́ńjìnì: iye epo tó máa mu, àti bí tọ́bò, ìyẹn ohun tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnì, ṣe máa fẹ́ ẹ tó. Ó ní àwọn tó ṣe mọ́tò náà mọ̀ọ́mọ̀ dá agbára rẹ̀ dúró síbì kan ni. Ó so láptọ́ọ̀pù rẹ̀ mọ́ abẹ́ sítíárìn, ó pa àṣẹ tí wọ́n kọ síbẹ̀ rẹ́, ó sì kọ tirẹ̀. Bọ̀dá Sèmíù ò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé.

Mọ́tò náà wá ń fò. Búrẹ́dì ń gbóná dé Ajùwọ́n. Bọ̀dá Sèmíù á ti padà dé kí a tó gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù tán. Èmi gan-an gbàdúrà fún wọn, mo ní Ọlọ́run á máa sáré níwájú wọn. Kò wá sí mi lọ́kàn láti béèrè ohun tó dé tí mọ́tò tó ń ráko tẹ́lẹ̀ fi wá ń sáré. Nígbà tí nǹkan bá ń lọ dáadáa, ta ló máa ń béèrè?

Ó sáré títí ó fi di àsìkò tí àwọn onígbàgbọ́ ń ṣe àdúrà olóṣooṣù wọn ní Káǹpù. Àwọn tó ń ta búrẹ́dì fún èrò níbẹ̀ ti bẹ̀ wá lọ́wẹ̀, a sì kún mọ́tò náà dé òrùlé. Lójú ọ̀nà márosẹ̀, nítòsí Mówe tí o ń gbé báyìí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́ bí ẹni tí nǹkan há sí lọ́fun. Èéfín funfun bo ẹ̀yìn rẹ̀. Bọ̀dá Sèmíù tẹ iná, kò dáhùn mọ́. Agbára káká ni mọ́tò náà fi dé ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó sì kú síbẹ̀. Oòrùn pa búrẹ́dì yẹn títí ó fi gbẹ.

Dípò kí wọ́n pe bàbá yín, Délé ni Bọ̀dá Sèmíù kọ́kọ́ pè. Délé sáré wá láti Ìbàfò, ó wo abẹ́ mọ́tò, ó sì sọ pé tọ́bò ti fọ́, irin ara rẹ̀ sì ti já wọ inú ẹ́ńjìnì. Ó ní, "Bọ̀dá, kẹ́ ẹ tó gbé e lọ sílé-iṣẹ́, ẹ jẹ́ kí n dá kọ̀ǹpútà yìí padà sí bí wọ́n ṣe ṣe é. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀." Ìgbà yẹn ni Bọ̀dá Sèmíù wá pe bàbá yín, wọ́n jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ lórí fóònù. Bàbá yín ní, "Ó dáa. Ní kó dá a padà." Èmi ò mọ nǹkan kan nínú eléyìí. Ohun tí wọ́n sọ fún mi ni pé ẹ́ńjìnì kàn bàjẹ́. Mo ní ká dúpẹ́, wáráńtì wà.

Èmi àti bàbá yín la jọ lọ sílé-iṣẹ́ náà lẹ́yìn tí wọ́n ti wọ́ mọ́tò dé ibẹ̀. Ọ̀gá tó ń bójú tó wọ́ọ̀kìṣọ́ọ̀bù wọn ò lè ju ọ lọ púpọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ kí wa. Ó ti tú ẹ́ńjìnì wò. Ó jókòó sídìí tábìlì, ó fa ìwé kan jáde, ó bi bàbá yín pé, "Bàbá, ẹ má bínú, mo gbọ́dọ̀ bi yín. Ṣé ẹnikẹ́ni ti fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnì mọ́tò yìí?"

Bàbá yín ní, "Rárá o."

"Ṣé ó dá yín lójú, sà?"

Wọ́n tún fìlà wọn ṣe. "Ó dá mi lójú."

Ọmọkùnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wá rọra yí ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ sọ́dọ̀ wa. Ó ní mọ́tò náà fúnra rẹ̀ máa ń pa á mọ́ sínú bí ẹnikẹ́ni bá pa àṣẹ rẹ̀ rẹ́ tó sì kọ òmíràn, pé wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì: ìgbà tí wọ́n yí i, àti ìgbà tí wọ́n dá a padà. Ó ní tọ́bò náà ti fẹ́ kọjá ibi tí wọ́n ṣe é láti fẹ́ dé, àti pé òun tó pa ẹ́ńjìnì nìyẹn. Ó sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Kò wo ojú bàbá yín. Ilẹ̀ ló ń wò.

Ó ní, "Wáráńtì ò ní lè gbé ẹ́ńjìnì àti tọ́bò, sà. Ká ní ẹ sọ fún mi ni, ǹ bá bá yín bẹ àwọn ọ̀gá mi bóyá wọ́n á dín owó ẹ̀yà ara ẹ́ńjìnì kù fún yín. Ṣùgbọ́n mo ti kọ ìdáhùn yín sílẹ̀. Ẹ má bínú."

Múfú, mo ti fẹ́ bàbá yín láti ìgbà tí mo wà lọ́mọge. Mi ò rí wọn kí wọ́n parọ́ lójú mi rí ṣáájú ọjọ́ yẹn. Nígbà tí a jáde, wọn ò lè rí ọ̀nà géètì. Èmi ni mo di ọwọ́ wọn mú. A wọ ọkọ̀ láti ibẹ̀ dé Ìfọ̀.

Bàbá yín ló ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọn ò pè é fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Wọ́n sọ fún Lèmọ́ọ̀mù pé ikọ́ ń ṣe àwọn. Kò sí ikọ́ kankan.

Ilẹ̀ Mówe tí o máa ń béèrè, tí a sọ fún ọ pé àwọn onílẹ̀ gbà lọ́wọ́ wa, kò sẹ́ni tó gbà á. A tà á ni. A fi ra ẹ́ńjìnì, a sì fi èyí tó kù ra fúláwà, torí pé láàárín gbogbo àkókò tí mọ́tò fi wà lábẹ́ tàpólì, kẹ̀kẹ́ ni à ń háyà, gbogbo èrè wa sì ń bá ti kẹ̀kẹ́ lọ. Orúkọ rẹ ni bàbá yín fẹ́ fi ilẹ̀ yẹn sí. Ẹlòmíì ti kọ́lé síbẹ̀ báyìí. Ó ṣeé ṣe kí o máa gba ibẹ̀ kọjá lọ síbi iṣẹ́. Mi ò kọ èyí láti fi dá ọ lẹ́bi, o ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ó kàn rẹ̀ mí láti máa gbé irọ́ náà kiri ni.

Délé wá bẹ̀ wá. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú fúláwà. Ó ní, "Màmá, mo sọ fún bọ̀dá kí n tó fọwọ́ kàn án pé ilé-iṣẹ́ lè tìtorí ẹ̀ kọ ẹ́ńjìnì yìí." Mo wo Bọ̀dá Sèmíù. Wọn ò sọ pé irọ́ ni. Wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa fúnra wọn, kò sẹ́ni tó lé wọn. Wọ́n máa ń wá kí wa bí ọdún bá dé, àwọn àti bàbá yín á jọ jẹ ẹran, wọ́n á sọ ti òjò, wọ́n á sọ ti ọ̀nà, wọn ò jẹ́ sọ ti mọ́tò.

Ó ku ibì kan, má tíì pa ìwé yìí dé.

Lẹ́yìn tí a ti fi ẹ́ńjìnì mìíràn sí i, sítíárìn bẹ̀rẹ̀ sí í le lọ́wọ́, ó ń dún gbàgà bí wọ́n bá yí i. Wáráńtì ò tíì parí. Mo ní ká gbé e lọ. Bàbá yín ní àwọn ò ní fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ mọ́, àti pé wọ́n ti yọ wá kúrò nínú ìwé wọn. Mo lọ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, mo tú ọ̀rá, mo jókòó ka ìwé wáráńtì náà. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ le, mo ń kà á díẹ̀díẹ̀, mo ń bi àbúrò rẹ Sùwébátù léèrè ibi tí kò bá yé mi. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé ohun tó bá bàjẹ́ nítorí àyípadà tí ẹni tó ra mọ́tò ṣe ni wọn ò ní tún ṣe. Mi ò rí ibi tí wọ́n kọ pé gbogbo mọ́tò náà ti jáde kúrò nínú wáráńtì.

Mo dá lọ. Ọmọbìnrin tó wà níwájú tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ní, "Màmá, mọ́tò yín ti kúrò nínú wáráńtì. Wọ́n ti yí i."

Mo ní, "Ẹ́ńjìnì la yí. Sítíárìn ló ń dùn mí lónìí. Ọmọ mi, fi ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí hàn mí pé tí a bá yí ẹ́ńjìnì, sítíárìn ò sí nínú ẹ̀ mọ́."

Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Mo ní mo gbọ́, ṣùgbọ́n màá jókòó. Mo jókòó. Ọ̀gá wọ́ọ̀kìṣọ́ọ̀bù ọjọ́ kìíní ló jáde wá nígbà tó yá. Ó dá mi mọ̀. Ó gba ìwé lọ́wọ́ mi, ó kà á, ó ní, "Òótọ́ ni Màmá sọ. Èyí ò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ẹ́ńjìnì." Wọ́n tún un ṣe, wọn ò gba kọ́bọ̀. Nígbà tí mò ń lọ, ó béèrè bàbá yín. Mo ní wọ́n wà. Ó ní kí n bá òun kí wọn.

Ohun tí ojú mi rí nìyẹn, òun ni mo fi ń gbà ọ́ nímọ̀ràn. Bó ṣe ń wá sí mi lọ́kàn ni mò ń kọ ọ́.

Àkọ́kọ́, ka ìwé wáráńtì rẹ nísinsìnyí tí mọ́tò ṣì ń rìn. Má dúró dìgbà tí wọ́n bá wọ́ ọ. Wo ohun tí wọ́n ní o ò gbọ́dọ̀ yí, wo ọjọ́ sáfíìsì, kí o sì máa tọ́jú rìsíìtì rẹ̀.

Èkejì, lọ bi ilé-iṣẹ́ tó tà á fún ọ bóyá àwọn fúnra wọn ní ọ̀nà láti fi agbára kún un. Mo gbọ́ pé àwọn kan ń ṣe é, wáráńtì á sì dúró. Bí wọ́n bá ní o lè ṣe é níta, jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu ò ní bá ọ dé iwájú tábìlì yẹn.

Bi ọ̀rẹ́ rẹ yìí náà, kí o wo ojú rẹ̀ bí o ṣe ń bi í: bí ẹ́ńjìnì bá kú lẹ́yìn ọ̀la, ṣé òun ló máa ra òmíràn? Bó bá ń fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ́rìn-ín, o ti rí ìdáhùn.

Owó ibi iṣẹ́ rẹ wà lórí mọ́tò yẹn, inṣọ́ránsì náà wà lórí rẹ̀. Títí o fi máa san án tán, ìwọ nìkan kọ́ lo ni ín. Ó yẹ kí àwọn náà mọ̀ bí o bá fẹ́ yí ẹ́ńjìnì rẹ̀ padà.

Mi ò sọ pé o ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan láé. Bí o bá fẹ́ fi aṣọ bo ìjókòó, fi í bò ó. Bí wáráńtì bá ti parí, tí o sì ti san gbèsè ibi iṣẹ́, tí ó ṣì ń wù ọ́ kó máa fò, ìwọ lo máa ru ẹrù rẹ̀, á jẹ́ pé o mọ ohun tí o ń rù. Títí dìgbà yẹn, tètè jí. Ẹni tó bá tètè jáde ní Mówe kò nílò ẹ́ńjìnì tó ń fò.

Bí wọ́n bá sì kọ̀ láti tún nǹkan kan ṣe fún ọ lọ́jọ́ kan, má kàn gbà, má sì jà. Ní kí wọ́n fi hàn ọ́ bí ohun tí o yí ṣe ba èyí tó bàjẹ́ jẹ́. Bí wọ́n bá fi hàn ọ́, gba kámú. Bí wọn ò bá lè fi hàn ọ́, jókòó.

Búrẹ́dì ti wú, wọ́n ń pè mí kí n wá wo iná. Bàbá yín ní kí n kí ọ. Wọn ò mọ ohun tí mo kọ, mi ò sì fẹ́ kí o bá wọn sọ ọ́ bí o bá wálé.

Bí o bá ti jẹ́ kí wọ́n ṣe é kí ìwé yìí tó dé ọwọ́ rẹ, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá ọ dá a padà ní kọ̀rọ̀. Pè mí. Mi ò ní pariwo, agbára ariwo ò sí lára mi mọ́. Màá wọ bàtà, a ó jọ lọ sílé-iṣẹ́ náà, ìwọ á sì sọ ohun tí o ṣe fún wọn bó ṣe rí. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, a ó jọ padà sílé. Mo lè fara da kí a pàdánù ẹ́ńjìnì míì. Ṣùgbọ́n mi ò tún lè jókòó ti ọkùnrin kan tí mo fẹ́ràn, kí n máa gbọ́ bó ṣe ń sọ pé "Ó dá mi lójú."

Èmi ni,
Ìyá rẹ.